Ọmọ Tí Ń Ṣọ́ Aṣọ Àwọn Tó Ń Sáré

Ìwé kan ṣoṣo ni ilé ìwé náà fún wa, ojú kan péré, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Wọ́n ní kí òbí kọ orúkọ ọmọ sí i, kí ó kọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kà, kí ó kọ eré ìdárayá tí ọmọ fẹ́ ṣe, kí ó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ tán kí omi tí mo gbé ka iná tó hó. Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí. Ọdún méjì ti kọjá báyìí, mo ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ẹni tí ǹ bá sì sọ ọ́ fún kò sí mọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ìwé fún ènìyàn. Mérì ìlú Dassa, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí a bí àti ti àwọn tí ó kú. Àwọn àgbẹ̀ a máa wá láti Kèrè, láti Lèma, láti Soclogbo, wọn a dúró níwájú tábìlì mi, wọn a mú fìlà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Èmi kì í bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀: orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú àwọn àlàfo yòókù, mo sì máa ń kọ ọ́. Wọn a tẹ àtàǹpàkò, wọn a dúpẹ́, wọn a lọ. Wọ́n ń yìn mí pé ọwọ́ mi yá. Ìyàwó mi nìkan ni kì í yìn mí fún un. Ó máa ń sọ pé, "Bàbá ọmọ, ẹ̀yin ni ẹ máa ń bá ènìyàn dáhùn kí ó tó la ẹnu."

Ó kú ní oṣù Kẹjọ. Ó ru igi ìdáná dé láti ẹ̀yìn òkè, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó sórí àpáta tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, ó ní kí n bu omi fún òun. Mo wọlé lọ bu omi. Nígbà tí mo fi jáde, ó ti fi orí ti ògiri, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà sọ pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ṣe yẹ lọ, pé ó ti pẹ́ tí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá ó máa ń sọ pé ó rẹ òun. Mo ní kò sí obìnrin ibí tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń rìn nínú ẹbí nígbà mìíràn, pé kí n mú ọmọ wa wá kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, obìnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà.

Ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì wà ní ìsinmi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ ìyàwó mi sínú ìwé àwọn òkú. Nígbà tí yíǹkì gbẹ, mo tún un wò: ó rí bí gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀.

N kò mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Mo ní ó di ẹ̀yìn ìsìn ogójì ọjọ́. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, ìwé ilé ìwé ti dé, mo ní ó di ẹ̀yìn ìwọlé. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti bu omi fún ẹnìkan, mo gbé e jáde, kò mu ún. Bí wọn kò bá yẹ ọmọ wò, kò sí ohun tí wọ́n máa rí.

Ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé ni, ní ìhà kejì àwọn òkè, níbi tí oko kajú ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ibẹ̀ ni yóò lọ tí ó bá yege, ó sì yege dáadáa. Mo jókòó ti ìwé náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n kọ sí i. Ẹ̀ka A ni ti àwọn tí ń ka èdè àti ìtàn; C, ti àwọn onímọ̀ ìṣirò; D, ti àwọn tí ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ibẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ti ń jáde. Mo kọ D. Eré ìdárayá ló tẹ̀ lé e: eré sísá, fífò, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ń fi èdè Faransé pè, dispense. Ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba eré ni. Mo fàlà sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a fi ìwé onímọ̀ ìlera tì í lẹ́yìn.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀, ọkùnrin tí ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un.

"Ṣé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò?" ni ó bi mí.

"Yóò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ọ̀gá, bí èmi bá wá bá yín pé kí ẹ kọ ọmọ tí a kò tíì bí sínú ìwé, ẹ ó lé mi jáde ni o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ lé àbúrò mi jáde rí. Ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ló ní kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sún. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Ẹ ní kí ó lọ bẹ Ọlọ́run kí ó tún ọmọ náà bí."

"Mo ní mo mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú pélébé tí mo fi abẹ́rẹ́ há àyà, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí ọmọ ti odò dé, mo ní, "Mo ti kọ ìwé rẹ." Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó gbà á, ó kà á. Ó pẹ́ kí ó tó gbé ojú sókè. Orí rẹ̀ ń dán, ìyá ìyàwó mi ti fá a ní ọjọ́ ìsìnkú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Pápá." Mo gba ìwé mi padà, mo ká a sínú àpò.

Ní ìdílé ìyàwó mi, ọmọ tí a fá irun rẹ̀ nítorí òkú òbí kan kì í sọ pé rárá fún òbí tí ó kù, títí irun náà yóò fi tó dì. Wọ́n gbà pé òkú kò tíì rìn jìnnà. Bí ó bá gbọ́ tí ọmọ ń bá òbí jiyàn, yóò rò pé ilé òun ti tú, yóò sì ṣẹ́rí padà. Ojú mi ni ìyá àgbà náà ti sọ èèwọ̀ yìí fún ọmọ, bí ó ti ń gbọn irun kúrò ní èjìká rẹ̀. Mo gbọ́. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni mí, mo sì kàwé, mo kà á sí ọ̀rọ̀ àgbà, mo gbàgbé rẹ̀. Ọmọ kò gbàgbé.

Ní ọjọ́ ìwọlé, alùpùpù zẹ́mì méjì ni a gùn, ọ̀kan gbé wa, ọ̀kan gbé àpótí. Wọ́n ní kí nọ́ńbà ọmọ wà lára gbogbo aṣọ rẹ̀. Èmi ni mo rán an, ní alẹ́ mẹ́ta, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀. Obìnrin tí ń bójú tó àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀, àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ le ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, yẹ aṣọ náà wò. Ó ní, "Ta ló rán èyí?" Ọmọ mi ní, "Pápá mi ni." Obìnrin náà pa àpótí náà dé, kò wo ìyókù. Ó gba ìwé tí mo kọ, ó kà á, ó wo ọmọ, ó wò mí, ó fẹ́ sọ nǹkan. Àwọn òbí pọ̀ lẹ́yìn mi. Ó fi ìwé náà sórí àwọn tí ó kù.

Ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù ni wọ́n ń gbà wá láàyè láti wá wò wọ́n. Mo máa ń gbé gàárì, kúlíkúlí àti ẹja díndín lọ. A máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ, Pápá."

"Ṣé ẹ ń jẹun yó?"

"A ń yó, Pápá."

"Ṣé o ń sùn dáadáa?"

"Mò ń sùn, Pápá."

Ìdáhùn rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Mo máa ń padà sílé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo, mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé ọmọ náà ń gbádùn.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo rántí pé n kò fi aṣọ òtútù sínú àpótí rẹ̀. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mo sì gbé e lọ ní Ọjọ́rú, láìdúró de ọjọ́ ìbẹ̀wò. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní wọ́n wà níbi eré, kí n gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá.

Pápá ìṣeré wọn wà ní ẹsẹ̀ òkè. Mo kọ́kọ́ rí àwọn tí ń sáré, eruku bo ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọmọ mi. Ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi tíìkì kan, ó na ẹsẹ̀, wọ́n sì kó aṣọ ilé ìwé gbogbo wọn jọ yí i ká, bàtà níwájú, aṣọ lẹ́yìn, bí òkìtì. Ọmọ tí ó bá ní dispense, òun ni ń ṣọ́ aṣọ. Àṣà ilé ìwé náà ni, mi ò mọ̀. Òun nìkan ni ó ní in ní kíláàsì rẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta sáré wá mu omi. Wọn kò rí mi.

"Ìyá Opó, ẹ kú ìjókòó o!" ni ọ̀kan wí, ó tẹrí ba bí ẹni tí ó wọ ilé ọ̀fọ̀.

"Ṣé ọkọ yín fi aṣọ púpọ̀ sílẹ̀?" ni èkejì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé wa tí ẹ bá ń pín in."

"Fi í sílẹ̀ jàre, ìyá rẹ̀ ló kú."

"Ìyá tèmi náà kú, mò ń sáré."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà pátápátá, ẹ̀rín àwọn tí ó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ púpọ̀ tí ó ti di orúkọ. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó na ọwọ́, ó to bàtà kan tí wọ́n ta ní ẹsẹ̀ padà sí ipò rẹ̀, èyí tòsì sí ẹ̀gbẹ́ èyí tọ̀tún. Ojú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ń sáré, orí rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé wọn yípo pápá náà. Mo mọ ìjókòó yẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe jókòó ní ilé wa lóṣù Kẹjọ, láàárín aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ní í wọ̀ mọ́.

N kò lọ bá a. Mo padà sẹ́yìn, mo lọ bá obìnrin alábòójútó náà, mo gbé aṣọ òtútù fún un. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní, "Bàbá, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ ìwọlé. Ìyàwó yín wá síbí."

"Nígbà wo?"

"Oṣù Keje, nígbà tí èsì ìdánwò jáde. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn wá. Orí bẹ́ǹṣì yìí ló jókòó sí, ó pẹ́ kí ó tó lè sọ̀rọ̀, mo bu omi fún un. Ó ní òun wá sọ fún mi pé ọmọ òun ń bọ̀, pé eré sísá ni yóò ṣe. Mo ní, 'Màmá, ìwé wà tí ẹ máa kọ ọ́ sí.' Ó ní òun kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, pé bàbá rẹ̀ ló máa ń kọ ìwé, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní irú eré wo. Ó ní èyíkéyìí tí wọ́n bá ti ń sáré nínú rẹ̀."

Mo bi í bóyá ọmọ mi mọ̀.

"Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Bàbá. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Mo dúpẹ́, mo jáde. N kò rántí bí mo ṣe dé ilé.

Ohun tí mo ń rò ni pé kí n kàn bi ọmọ náà. Ìgbà náà ni mo tó rántí èèwọ̀. Bí mo bá bi í pé ṣé ohun tí mo kọ dára, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò wí. Kò sí ìdáhùn mìíràn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Mo sì rò ó síwájú: wọ́n ní títí irun yóò fi tó dì, ilé ìwé yẹn kò sì gba irun gígùn. Gbogbo oṣù ni wọ́n ń gé irun àwọn ọmọbìnrin kanlẹ̀. Irun rẹ̀ kò ní í tó dì títí yóò fi jáde níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta. Ẹni tí ó fá a nìkan ló lè tú u.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí Soclogbo. Ìyá ìyàwó mi wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìwé, nọ́ọ̀sì, òkìtì aṣọ, ohun tí dókítà sọ nípa ọkàn. N kò tíì sọ ti ọkàn fún un rí. Kò dáwọ́ ẹ̀gẹ́ dúró.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Láti kékeré ni ọmọ mi yẹn ti máa ń mí bí ẹni tí a lé. Èmi ni mo máa ń mú un jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gun òkè lọ ká èso, èmi á ní kí ó jókòó ti àbúrò àwọn tí wọ́n gun òkè. Ó jókòó títí ó fi dàgbà." Ó ju ẹ̀gẹ́ kan sínú abọ́. "Ó jókòó títí, ó ṣì kú."

Mo ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ kan tí ó bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

"Kí ni ẹ wá gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ tú ọmọ náà sílẹ̀, Màmá, kí ó lè sọ pé rárá fún mi."

Ó gbé ojú sókè sí mi nígbà náà. "Ẹ ti bi í rí?"

"Rárá."

"Àna mi, èèwọ̀ ni pé kí ó sọ pé rárá. Kì í ṣe èèwọ̀ pé kí ẹ béèrè. Ẹ mọ̀wé, ẹ bi í lọ́nà tí 'bẹ́ẹ̀ ni' yóò fi tó fún un. Bí ó bá wá sílé nígbà Kérésì, n ó wẹ orí fún un, èèwọ̀ náà yóò sì tú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ó ní, "Ẹ má wí pé èmi ni mo ní kí ó sáré o. Mi ò lè ru ìyẹn."

Ní ọjọ́ Ìsinmi ìbẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. N kò bi í nípa oúnjẹ.

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ máa sáré?"

Ó wo ilẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn òbí mìíràn ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pápá."

"Ṣé o mọ ohun tí ó pa ìyá rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Màmá sọ fún mi."

Èmi ni kò sọ fún. Mo bi í bóyá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí mo kọ fún un wù ú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ṣàlàyé, kí n má baà rò pé èèwọ̀ ló ń sọ̀rọ̀: D náà ni òun ìbá kọ, òun àti ìyá òun ti sọ ọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ńṣe ni ojú tì mí. Mo ju òkò sínú òkùnkùn, ó bá ẹyẹ kan, n kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹyẹ wà níbẹ̀. Mo ní a ó lọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò kí ó tó sáré.

"Bí wọ́n bá rí i ńkọ́, Pápá?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìsinmi Kérésì, a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìhà gúúsù. Wọ́n ní kí ó dùbúlẹ̀, wọ́n lẹ okùn wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ náà sì ń ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí ìwé gígùn kan. Wọ́n ní kí n dúró síta. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwé ni iṣẹ́ mi. N kò bẹ̀rù ìwé rí bí mo ṣe bẹ̀rù èyí tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ní òun kò rí nǹkan kan. Mo fẹ́ dúpẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Lónìí ni mo wí. Ọkàn bẹ́ẹ̀ lè dára lónìí, kí ó yí padà bó bá dàgbà. Ẹ máa mú un wá lọ́dọọdún. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀." Mo bi í bóyá ó lè sáré. Ó ní, "Kò sí ohun tí mo rí tí mo fi lè dá a dúró." Mo ní kí ó sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ó ní kò sí ọ̀nà mìíràn tí òun lè gbà sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì Kérésì, ìyá àgbà wá láti Soclogbo, ó gbé ọmọ jókòó sórí àpótí ní àgbàlá, ó fi omi wẹ orí fún un. Kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ó parí, ó fi etí aṣọ ara rẹ̀ nu orí náà gbẹ, ó sì di orí náà mú mọ́ àyà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ó ń gbọ́ nǹkan.

Ní oṣù Kìíní, mo gbé ìwé tuntun lọ fún olùkọ́ eré ìdárayá. Ó to méjèèjì sórí tábìlì, èyí tí ó ní ọmọ mi kò lè sáré àti èyí tí ó ní kò sí ohun tí ó dá a dúró.

"Ọ̀gá mérì," ni ó wí, "èwo ni ká gbàgbọ́?"

"Èkejì."

"Èyí àkọ́kọ́ ńkọ́? Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀."

"Irọ́ ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò."

Èmi tí mo ti lé ènìyàn jáde nítorí ọ̀sẹ̀ kan lórí ọjọ́ ìbí, mo dúró níwájú rẹ̀, fìlà lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, ó ní kò sí àyè mọ́ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, kò sì sí nínú ti eré kúkúrú. Eré gígùn tí wọ́n ń sá yí òkè ká nìkan ló ṣẹ́kù, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ dáhùn. Mo pa ẹnu mọ́. Mo ní kí ó bi ọmọ náà.

Ó ránṣẹ́ pè é, ó bi í lójú mi. Ọmọ náà ní òun fẹ́ ẹ.

Bí a ṣe ń jáde, mo ní, "Ṣé kí n máa wá ní Ọjọ́rú, kí n máa wò ọ́? N ó dúró lókèèrè."

"Rárá, Pápá."

Ó jẹ́ rárá àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹjọ. Òun náà gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn tí ó wí i, ṣùgbọ́n kò kó o padà. Ó ní, "Bí ẹ bá dúró níbẹ̀, ẹ ó máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Mi ò ní lè sáré."

N kò lọ. Ní Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan, láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà, mò ń jókòó ní ọ́fíìsì, bí àwọn ènìyàn bá sì ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ní láti ní kí wọ́n tún un sọ. Obìnrin kan láti Lèma wá forúkọ ọkọ rẹ̀ sínú ìwé òkú ní ọ̀kan nínú àwọn Ọjọ́rú wọ̀nyẹn. Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè tí ó wà lórí ìwé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní àwọn ẹlòmíràn sọ fún òun pé kì í pẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi ìbẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e, mo bá ọmọ mi lórí bẹ́ǹṣì. Ètè rẹ̀ ti gbẹ nítorí ọyẹ́, egbò sì wà ní orúnkún rẹ̀, ó ṣubú lórí òkúta. Ó ní òun ṣe ìkejì láti ẹ̀yìn, pé òun bì lẹ́bàá ọ̀nà, pé olùkọ́ ní kí òun dúró, òun sì dúró, lẹ́yìn náà òun tún bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka èsì ìdánwò tí kò burú. Mo gbé ọwọ́ mi sórí itan mi kí n má baà gbé e lé e láyà.

Mo ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́ níbí?" Mo fi ìka kan àyà ara mi.

Ó rò ó dáadáa kí ó tó dáhùn.

"Ó ń dùn mí, Pápá. Ó ń dùn mí bí ó ṣe ń dun gbogbo àwọn tí ń sáré."